Ọgbọ̀n Ọjọ́ Tó Gbé Àdánù Bàbá Mì

Ọjọ́rú, 4

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí, kí n tó fọ ẹnu:

Bàtà Bọ̀dá lẹ́nu ọ̀nà wa, aago mẹ́fà kò tíì lù. Imú bàtà náà kọjú síta, bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ. Dúrọ́ọ̀ tábìlì Bàbá ṣí níwọ̀n ìka méjì. Èmi fúnra mi ni mo tì í lálẹ́ àná. Ife tíì méjì, ọ̀kan ti tutù, ẹnikẹ́ni kò fẹnu kàn án. Bàbá kọjú sí fèrèsé bíi pé ó ń rí nǹkan níbẹ̀. Àpò Bọ̀dá wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, etí ìwé kan yọ nínú rẹ̀, onílà búlúù. Alágbàtà tó ń bá Bàbá ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́, nìkan ló ń fi àpò ìwé onílà búlúù ránṣẹ́ sí ilé yìí.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni Bọ̀dá, kì í ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kí i, ó ní, "O ti jí," bíi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn jí nílé bàbá rẹ̀. Bí mo ṣe gbé ìgbálẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ yí padà di ọ̀rọ̀ òjò. Òjò kò sì rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Láti ìgbà tí ohun funfun yẹn ti bo ojú Bàbá méjèèjì, èmi ni mo ń ka lẹ́tà rẹ̀. Mi ò tíì ka onílà búlúù kankan lóṣù yìí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọjọ́bọ̀, 5

Ooru. Ọṣẹ ti di 450. Ọ̀gá mi nílé ìfọṣọ ní ṣíbí ni ká máa fi wọ̀n ọ́n báyìí.

Mo tún ìṣirò ṣe lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, kí n lè mọ ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè gbà wọ ibẹ̀. Bàbá ra ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ ní 240,000. Ó tà á ní 900,000 nínú ọdún owó-orí tó parí lóṣù tó kọjá. Èrè, 660,000. Ọ́fíìsì owó-orí kì í wo 900,000, èrè ni wọ́n ń wò. Wọn á gbé e lé owó tí Bàbá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pa lọ́dún náà lórí, wọn á sì mú ìdá kan nínú márùn-ún èrè yẹn: 132,000.

Báǹkì ti gba owó ẹ̀rọ tí wọ́n yá a. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gba tiwọn. Ohun tó kù nílé, 240,000. Dókítà tó máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú Bàbá ń gba 85,000 lórí ojú kan.

Nítorí èyí ni Bọ̀dá ṣe ní ká ta ṣíà ilé-iṣẹ́ oníbébà kí ọdún náà tó parí. Bàbá rà á ní 330,000, kò ju 20,000 lọ mọ́. Àdánù, 310,000. Òfin gbà kí àdánù jẹ lára èrè. 660 yọ 310, ó ku 350. Owó-orí di 70,000. 240 yọ 70, ó ku 170,000. Ojú méjì géérégé.

Bọ̀dá ló mú ìmọ̀ràn yìí wá. Bọ̀dá ló gbé ìwé lọ. Bọ̀dá ló wá ròyìn pé wọ́n ti tà á. 20,000 tí wọ́n tà á, kò sẹ́ni tó tíì rí i.

Àbámẹ́ta, 7

Bọ̀dá mú fọ́ọ̀mù owó-orí wá. Ọjọ́ 31 ni ọ́fíìsì wọn máa ti ilẹ̀kùn gbígbà á.

Mo ní, "Bọ̀dá, lẹ́tà alágbàtà kò tíì dé?"

"Kò tíì dé."

"Kì í kọjá ọjọ́ kẹta oṣù."

"Àwọn afìwéránṣẹ́ ìsinsìnyí, ọ̀lẹ ni wọ́n."

"Owó ṣíà tí wọ́n tà ńkọ́?"

Bàbá ló dáhùn. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló fi ọ́ ṣe adájọ́? Lọ bu omi wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Omi wà níwájú Bọ̀dá. Mo lọ bu òmíràn.

Ajé, 9

Mo dúró de afìwéránṣẹ́ lẹ́nu géètì.

"Onílà búlúù? Mo ti fi lé ọkọ ẹ̀gbọ́n yín lọ́wọ́, ọjọ́ kejì oṣù. Ó ní òun ń wọlé bọ̀. Àbí kò dé ọ̀dọ̀ yín?"

Mo ní ó dé. Kò yẹ kí gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ.

Ìṣẹ́gun, 10

Láti ibi iṣẹ́ ni mo gba ilé Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi, lọ. Ó ń gé èékánná ọmọ rẹ̀.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín."

"Sọ ọ́. Ọwọ́ mi ló dí, etí mi ò dí."

Mo sọ ọ́ létòlétò: bàtà, dúrọ́ọ̀, àpò ìwé, ọjọ́ kejì oṣù, "kò tíì dé." Kò gbójú sókè títí tó fi gé èékánná ìka karùn-ún tán.

"Ṣé ohun tí o wá sọ fún mi ni pé ọkọ mi ń jalè?"

"Mi ò lo ọ̀rọ̀ yẹn."

"O ò lò ó. O kan ka ọjọ́, o ka aago, o ka bàtà. Bí wọ́n bá gbé ìwọ dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, wàá ní kí àwọn áńgẹ́lì kọ́kọ́ mú rìsíìtì wá." Ó gbọn èékánná sínú abọ́. "Òun ló pọn Bàbá lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Máa lọ sílé. Kí o tó tún wá síbí, ro ohun tí wàá sọ."

Kò sìn mí dé ilẹ̀kùn. Mo fẹsẹ̀ rìn, mo fi 60 owó ọkọ̀ pamọ́.

Ó ṣì dájú lójú mi pé mo rí ohun tí mo rí.

Ọjọ́bọ̀, 12

Òjò dé. Bàbá rìn lu ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí sílẹ̀, ó fara gbọgbẹ́ lókè ojú. Mo fi òwú nu ún. Ó ní ilẹ̀kùn náà ló kọ́kọ́ gbá òun.

Ẹtì, 13

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Mo mú ìwé tí Bàbá fọwọ́ sí pé kí n máa gba lẹ́tà òun, mo lọ sọ́dọ̀ alágbàtà ṣíà. Òkè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún, fáànù kan tó ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti ń dín kù níwájú ni. Ó ṣí ìwé ńlá kan.

"Ọjọ́ 12 oṣù tó kọjá, a bá bàbá yín ta ẹgbẹ̀fà ṣíà. Ọjọ́ 19, a ra ẹgbẹ̀fà padà."

"Irú kan náà?"

"Irú kan náà."

"Ta ló rà á?"

"Bàbá yín."

"Bàbá mi ò ríran."

"Fóònù kì í béèrè ojú." Ó rẹ́rìn-ín, kò kíyè sí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín. "Àwọn fúnra wọn ló pè. Wọ́n ní kí n fi owó tí a tà á rà á padà. Wọ́n ní kí n má pe ilé, kí ọmọ wọn má baà gbọ́, 'èyí tó máa ń ka nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta.' Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Àna yín ọkùnrin náà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìbéèrè kan náà ló bi mí. Orí àga tí o jókòó sí yẹn ló jókòó sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú."

Mo sọ̀kalẹ̀. Mi ò rántí pé mo ka àtẹ̀gùn nígbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀. Ẹlẹ́jọ́ jókòó sílé, mo lọ gbá aláròyé mú.

Bàbá wà nídìí tábìlì.

"Bàbá, ọ̀dọ̀ alágbàtà ni mo ti ń bọ̀."

"Bọ̀dá rẹ ló sọ fún ọ?"

"Kò sọ nǹkan kan."

"Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò lè parọ́ fún ọ, pé ojú rẹ dà bí ojú ọlọ́pàá. Mo tún bẹ̀ ẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ rà á padà?"

"Ọdún tí omi ya wọ ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo bébà wú bíi búrẹ́dì inú tíì, ta ló gbé bébà àwìn fún mi? Àwọn oníbébà yẹn ni. Oṣù márùn-ún gbáko. Wọn ò ní kí n fọwọ́ síwèé. Nísinsìnyí tí ilé-iṣẹ́ náà ń kú lọ, kí n yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé wọn?"

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé ká tà á."

"Mo sì tà á. Mo jẹ àdánù náà tán, kí n tó rà á padà. Ẹni tó ṣubú tó dìde, ṣé kò ṣubú mọ́ ni?"

Bọ̀dá ló ka ìlà tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà fún un, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin yẹn: ẹni tó bá tún ra irú ṣíà kan náà kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, wọn ò ní ka àdánù rẹ̀ sí lọ́dún náà. Ọjọ́ méje péré ni Bàbá fi dúró.

Owó-orí ti padà di 132,000. Ohun tó kù, 108,000.

"Mo ń wá bí mo ṣe máa sọ fún ọ pé ojú kan tó mi," ló wí. "Èèyàn mélòó ló ń fi ojú kan wo ayé, tí ayé ò sì já wọn kulẹ̀."

Mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Àìkú, 15

Èmi àti Bàbá jọ gbọ́ rédíò. Nígbà tí wọ́n ka iye ṣíà, ó na ọwọ́, ó pa á.

Ajé, 16

Ọ́fíìsì owó-orí. Wákàtí méjì àbọ̀ lórí ìlà. Obìnrin ojú fèrèsé kẹta ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé bí mo ṣe ń ṣàlàyé, mo rò pé kò gbọ́ mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Àdánù yẹn kò kú," ó ní. "Ó lọ sùn sínú ṣíà tó rà padà. Ọjọ́ tí bàbá rẹ bá ta ìyẹn, tí kò sì tún rà á, ó máa jí."

"Ṣùgbọ́n kò wúlò fún tọdún yìí."

"Kò wúlò fún tọdún yìí."

Mi ò kúrò.

"Kí ló tún kù?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun mìíràn wà tó lè dín èrè ilé náà kù."

Ìgbà náà ló tó wò mí. "Ilé tó tà, ṣé bó ṣe rà á ló ṣe tà á?"

Mo ní rárá. Lẹ́yìn tí omi ya wọ ibẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè pẹ̀lú kọnkéré, ó sì pààrọ̀ páànù òrùlé rẹ̀.

"Iye tó ná sí ìyẹn náà, ara iye tó ra ilé ni. Kì í ṣe ọ̀dà ọdọọdún ni mò ń wí o. Ohun tó sọ ilé náà di mìíràn ni. Mú rìsíìtì wá."

"Kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù?"

"Ó wà níbẹ̀. Ojú ewé kẹrin. Lẹ́tà rẹ̀ ló kéré."

Mo wò ó nílé. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ẹni tó bá fi lẹ́tà kékeré kọ ohun tó máa gbe èèyàn, mi ò fọkàn tán an.

Mo béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ Bàbá. Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀ bíríkìlà ló ṣe iṣẹ́ náà. Bàbá san apá kan lówó, ó fi ìtẹ̀wé san èyí tó kù: kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́ta, káàdì ìgbéyàwó ọmọ mẹ́ta, àti ìwé rìsíìtì àkọ́kọ́ tí Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀ ní láyé.

"Bí mo ṣe gbé ìwé rìsíìtì náà lé e lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ dán an wò. Ó kọ àkọ́kọ́ fún mi lórí iṣẹ́ ilẹ̀ yẹn."

"Ibo ni tiyín wà?"

"Mo fi nu yíǹkì."

Ọkùnrin tó tẹ rìsíìtì fún gbogbo ìlú fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ kù lára ìwé Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 18

Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀ ti kó kúrò nílé rẹ̀. Aládùúgbò kan ní ó ti kú. Èkejì ní kò kú, ó kàn ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Mo gba tẹni kejì gbọ́ nítorí òun ni Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀ jẹ lówó.

Àbámẹ́ta, 21

Mo rí i. Ọkọ̀ méjì, 140. Ó jókòó sẹ́yìn ilé ọmọ rẹ̀, orúnkún méjèèjì wú, ó ń wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mọ ògiri lójúlé kejì, ó ń bú wọn láti ibẹ̀.

"Ọmọ atẹ̀wé?" Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Owó-orí ló rán ọ wá."

"Bàbá mi ló rán mi."

"Ọ̀rọ̀ tí owó-orí máa kọ́ ọ sọ náà nìyẹn. Ó dáa. Bí ẹ̀rọ bàbá rẹ bá dákẹ́ láàárín iṣẹ́, kí ló máa ń sọ?"

"Ó máa ń ní, 'Kò bàjẹ́, ó ń ronú ni.'"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú. Ó ní kí ọmọ òun gbé àpótí wá. Kí ó tó ṣí i, ó tún dúró. "Iṣẹ́ tí mo gba káàdì dípò owó yẹn, mo san owó-orí rẹ̀ o. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń ba ìyàwó mi nígbà náà. Sọ fún wọn bẹ́ẹ̀."

Nọ́ńbà 001. *Gbígbé ilẹ̀ sókè, kọnkéré, páànù tuntun: 210,000. Owó, 150,000. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé, 60,000.* Wọ́n fọwọ́ sí i, òun àti Bàbá. Kò gbà kí n ya á. Ó gbé gbogbo ìwé náà fún mi, ó ní kí n dá a padà, ó sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun pé mo gbé e. Mo kọ ọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

240 àti 210 jẹ́ 450. Èrè di 450,000. Owó-orí, 90,000. Ohun tó máa kù, 150,000.

20,000 ló kù kó tó ojú méjì.

Àìkú, 22

Mo lọ sílé Àǹtí. Bọ̀dá ń kan ẹsẹ̀ àga, ó há ìṣó sẹ́nu. Mo kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo rò pé ẹ jí owó Bàbá."

Ó yọ ìṣó lẹ́nu, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. "Dìde. Èmi náà ìbá rò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí o béèrè lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ mi, mo wo dígí nígbà tí mo délé, olè ni mo rí níbẹ̀."

Àǹtí pariwo láti inú yàrá, "Ṣé ó ti bẹ̀bẹ̀? Kó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Kó kọ aago sí i."

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọjọ́rú, 25

Èmi àti Bọ̀dá kọ fọ́ọ̀mù. Ó ń pè é, mo ń kọ ọ́, lẹ́yìn náà mo pè é, ó wò ó. A rí ẹ̀dà fọ́ọ̀mù Bàbá ti ọdún tí wọ́n gbé ilẹ̀ sókè: 60,000 ìtẹ̀wé Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ó kọ ọ́ mọ́ owó tó wọlé. Mo mí kanlẹ̀. Láti Àbámẹ́ta ni mo ti ń bẹ̀rù pé kò ní sí níbẹ̀, pé wọ́n á torí ẹ̀ kọ rìsíìtì náà, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan.

Ẹtì, 27

Bàbá ní, "Èló ló kù?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún."

"Èló ni ṣíà náà lónìí?"

"Mẹ́rìnlá àbọ̀ lórí ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 17,400."

Mo rò pé ó tún máa sọ ọ̀rọ̀ ojú kan fún mi, mo ti ń to èsì. Ó na ọwọ́ sí fóònù. Ìka rẹ̀ wá àwọn bọ́tìnnì náà bó ṣe máa ń wá lẹ́tà òjé ìtẹ̀wé nínú àpótí, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

"Atẹ̀wé ni. Ẹ tà á. Gbogbo rẹ̀. Rárá, mi ò ní pè yín padà." Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. "Ó wà níbí. Ó ń wò mí."

Lẹ́yìn náà ó ní kí n kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ oníbébà pé òun dúpẹ́ oore ọdún omi. Ìlà mẹ́rin. Ó ní orí bébà tiwọn ni kí n kọ ọ́ sí, ọ̀kan ṣì kù nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀.

Mo ti fi àmì sí ọgbọ̀n ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà, láti òní lọ. Mo tún ń ṣọ́ fóònù náà.

Ajé, 30

Òjò ní gbogbo ọjọ́. 17,400 dé. Mo fi 2,600 lé e nínú owó ọ̀sẹ̀ mi. Ọ̀gá mi bi mí bóyá bàtà ni mo fẹ́ rà. Mo ní ojú ni.

Ìṣẹ́gun, 31

Aago márùn-ún ìdájí mo ti wà lórí ìlà, èèyàn àádọ́ta ló wà níwájú mi. Ọkùnrin ẹ̀yìn mi jẹ ẹ̀pà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní fèrèsé kẹta, obìnrin náà gbé 001 sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i, ó fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé e wọ yàrá inú. Mo ka ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ọkùnrin kan tẹ̀lé e jáde.

"Ta ló tẹ ìwé rìsíìtì yìí?"

"Bàbá mi."

"Bàbá rẹ ló tẹ ìwé tí wọ́n fi kọ rìsíìtì fún bàbá rẹ?"

Mo gbé ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ọdún yẹn síwájú rẹ̀, mo fi ìka sí 60,000. Ó kà á. Ó tún 001 kà. Ó wo obìnrin náà, obìnrin náà wo ìlà tó gùn dé ojú títì. Wọ́n lu òǹtẹ̀. Mo san 90,000.

Bọ̀dá ń dúró dè mí nílé ìwòsàn ojú pẹ̀lú Bàbá. Owó wà lọ́wọ́ Bọ̀dá. Ó kà á sórí tábìlì lójú akọ̀wé, díẹ̀díẹ̀, ó dé 170,000, ó ní, "Ó pé."

Ọwọ́ mi ti ń lọ síbẹ̀. Mo fà á padà, mo fi sábẹ́ itan. Mi ò kà á.

Akọ̀wé bi wá pé ojú wo. Bàbá ní, "Méjèèjì." Ti ọ̀tún, ọjọ́ 9. Ti òsì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

A délé. Bàbá ti sùn sórí àga kí n tó bọ́ bàtà fún un. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án ni mo dùbúlẹ̀.